Ìgbà tó yẹ kí ọmọ tó ń gbá softball mú ipò kan ṣoṣo

Softball jẹ́ eré tó tan mọ́ baseball: igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀, ẹni tó bá gbá a á sáré láti béèsì kan sí òmíì títí á fi yí po padà sílé, ìyẹn ló ń mú àmì ayò wọlé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin ló ń gbá a jù níléèwé, àwọn kan sì ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun tí òbí àti kóòṣì máa ń bá ara wọn fà gan-an ni ìgbà tó yẹ kí ọmọ fi àwọn ipò yòókù sílẹ̀ kó gbájú mọ́ ẹyọ kan. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n má kánjú: kí ọmọ yí gbogbo ipò ká títí á fi tó bí ọmọ ọdún 12, kó wá mú méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún 13 sí 15, kó tó di pé ó sọ ọ̀kan di tiẹ̀ nígbà tó bá ti wà níléèwé girama. Ọ̀rọ̀ pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, àti catcher, ẹni tó ń gbà á, yàtọ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ wọn máa ń pẹ́ kó tó mọ́ ọmọ lára, àwọn náà ló sì ń fara gbá jù tí wọ́n bá kánjú.

Ìlú Chicago ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1887, George Hancock ló dá a sílẹ̀, inú ilé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbá a. Ọdún 1926 ni orúkọ softball jáde, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń darí ẹ̀ lórílẹ̀-èdè yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1933, ẹgbẹ́ ọ̀hún ló wá ń jẹ́ USA Softball láti 2017. Àmọ́ owó iléèwé ló sọ ọ̀rọ̀ ipò di nǹkan ńlá. Òfin Title IX ti ọdún 1972 sọ pé iléèwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin kó fi ẹ̀tọ́ dù ú, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn yunifásítì máa ní tíìmù softball tó gbámúṣé, kí wọ́n sì máa fún àwọn ọmọbìnrin ní sikọ́láṣíìpù. Ìdíje ńlá tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, ń ṣe fún wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Látìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń rò pé tí ọmọ àwọn bá tètè mọ ipò kan dunjú, yunifásítì á tètè rí i, títí kan àwọn òbí tiwa tí wọ́n ń tọ́mọ ní Houston, Atlanta tàbí Maryland, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé eré kan ń jẹ́ softball. Èrò yẹn ò burú, ibi tó ti ń ṣì wọ́n lọ́nà ni pé ìgbà tí ọmọ wà lọ́dún 9 kọ́ ni yunifásítì ń wò.

Ipò mẹ́sàn-án tó wà lórí pápá

Ẹni mẹ́sàn-án ni tíìmù kan máa ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Pitcher wà láàárín, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi. Catcher lóṣòó sẹ́yìn onígi, ó wọ akoto àti ohun ìdáàbòbò láti ojú dé ojúgun, ó ń gba gbogbo bọ́ọ̀lù tí onígi ò bá gbá. Ẹni béèsì kìíní, ẹni béèsì kejì àti ẹni béèsì kẹta ń ṣọ́ tiwọn, shortstop wà láàárín kejì sí kẹta. Àwọn mẹ́ta tó kù wà lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lápá ọ̀tún, àwọn ló ń sáré lé bọ́ọ̀lù tó bá fò lọ jìnnà.

Láti béèsì kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, nígbà tó jẹ́ 90 nínú baseball àwọn àgbà, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń yá kánkán nínú softball, tí ẹni tó bá ṣì ń ronú ibi tó yẹ kó sá lọ fi ti pẹ́. Ẹ wò ó bí onígi bá kàn fi igi kan bọ́ọ̀lù pẹ́ẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀: ẹni béèsì kẹta àti ẹni béèsì kìíní á ya síwájú, pitcher àti catcher náà á sáré sí i, ẹni béèsì kejì á wá sáré lọ dúró sórí béèsì kìíní tí ẹnikẹ́ni ò sí mọ́, shortstop náà á ṣí lọ bo béèsì tó bá ṣófo. Gbogbo èyí ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ọmọ tó ti dúró sí béèsì kejì rí mọ ibi tí ẹni yẹn á gbà wọlé, torí náà tó bá wà ní béèsì kẹta, ó mọ ìgbà tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù àti ibi tó yẹ kó jù ú sí, kò nílò kí kóòṣì máa pariwo. Ọmọ tó jẹ́ pé béèsì kẹta nìkan ló mọ̀ látọdún mẹ́jọ ò ní rí ìyẹn kọ́ níbòmíì. Mo gbà pé ìdí yìí lágbára ju gbogbo ìdí yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìpalára làwọn èèyàn máa ń sọ jù.

Bí ọjọ́ orí ṣe ń yí eré náà padà

Ọmọ ọdún 10 àti ọmọ ọdún 14 ò gbá eré kan náà. Lábẹ́ òfin USA Softball, àwọn tí ò tíì ju ọdún 10 ń lo bọ́ọ̀lù tí àyíká ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 11, pitcher wọn sì ń jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 35. Tí wọ́n bá wọ ìpele ọdún 12, bọ́ọ̀lù á di ínǹṣì 12, wọ́n á sì ti pitcher sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bàtà 40. Ní ìpele ọdún 14, ó di ẹsẹ̀ bàtà 43, ibẹ̀ náà ló sì máa wà títí dé yunifásítì àti Olympics. Ara ọmọ náà ń yí padà lákòókò kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló máa ń ga lójijì láàárín ọdún 11 sí 13, apá á gùn, ẹsẹ̀ á gùn, fún ìgbà díẹ̀ ọmọ tó ń ṣe é dáadáa tẹ́lẹ̀ á wá dà bíi pé kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Torí ẹ̀ ni ipò tí wọ́n bá fún ọmọ ní kékeré ò fi ní láárí púpọ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn lọ́dún 9 ni wọ́n máa ń gbé sí béèsì kìíní, tó bá di ọdún 13 àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ga ju òun lọ, ó wá yẹ kó wà ní béèsì kejì, ṣùgbọ́n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sọ́tùn-ún lọ sósì gbé bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tì sápá ọ̀tún lọ́ọ̀ọ́kán torí pé kò lágbára ni wọ́n dá lóró jù, nítorí láàárín àwọn ọmọ kékeré, bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ọmọ á kàn dúró sínú oòrùn títí eré á fi parí, kò ní pẹ́ tó fi máa ní òun ò ṣe mọ́. Little League, àjọ tó ń ṣètò baseball àti softball àwọn ọmọdé, ní òfin kan tó gbìyànjú lórí èyí, pé kí gbogbo ọmọ wà lórí pápá láìdá dúró títí wọ́n á fi lé ó kéré tán onígi mẹ́fà ti ẹgbẹ́ kejì jáde, kí ó sì gbá igi lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ òfin yẹn ò sọ ipò tí wọ́n máa fi ọmọ sí, kóòṣì ló kù sí lọ́wọ́.

Jean Côté, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Queen's University ní Kánádà, pín ìdàgbàsókè ọmọ nínú eré sí mẹ́ta: láti ọdún 6 sí 12 ọmọ á máa tọ́ oríṣiríṣi wò, láti 13 sí 15 á dín in kù, láti 16 lọ á wá fi gbogbo ara sí ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi eré ló ń sọ, kì í ṣe ipò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kóòṣì ń lò ó fún ipò náà, ó sì bá a mu. Ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, sọ irú ẹ̀ lọ́dún 2016, pé kó pé ọmọ tó bí ọdún 15 tàbí 16 kó tó mú eré kan ṣoṣo, kó máa sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kó sì ní oṣù mẹ́ta lápapọ̀ nínú ọdún, tó lè mú ní oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò ní fọwọ́ kan eré náà.

Pitcher àti catcher

Pitcher ni ipò tó ṣòro jù láti ní kí ọmọ ṣì ní sùúrù kó tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù nínú softball, apá á yí po pátápátá lókè kó tó sọ̀kalẹ̀ wá gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ọmọ tí ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ títí tó fi di ọdún 15 ò ní rọrùn fún un láti lé àwọn tó ti ń kọ́ ọ bọ̀ bá. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 10, tí òbí ń sanwó fún kóòṣì lọ́tọ̀. Kíkọ́ ọ ní kékeré ò burú rárá. Ohun tó burú ni kí òun nìkan máa jù ú ní gbogbo ìdíje, kí wọ́n má sì jẹ́ kó ṣe nǹkan míì.

Èrò kan wà tó ti pẹ́, pé jíjù láti abẹ́ kì í ṣe apá ní nǹkan. Kì í ṣe òótọ́. Àwọn tó wọn agbára tó ń fa èjìká pitcher rí i pé ó máa ń sún mọ́ ìwúwo ara ẹni náà fúnra ẹ̀, ibi tí iṣan apá iwájú ti so mọ́ èjìká ló sì máa ń dun wọ́n jù. Síbẹ̀, Little League ti fi gbèdéke sí iye ìgbà tí pitcher lè jù ú nínú baseball láti 2007, nígbà tó jẹ́ pé iye inning, ìyẹn ìpín eré tí tíìmù kọ̀ọ̀kan á ti gbá igi lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ń kà fún softball, bẹ́ẹ̀ inning kan lè jẹ́ jíjù mẹ́jọ, ó sì lè jẹ́ ọgbọ̀n. Àwọn dókítà eegun tó wà nídìí ìpolongo STOP Sports Injuries ti dá iye lé e: ọmọ ọdún 8 sí 10 kó má ju 50 lọ nínú eré kan, èyí tó ti tó 15 kó má ju 100. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, nítorí náà ìdíje ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè tí tíìmù kan á ti gbá eré mẹ́rin márùn-ún lè kọjá ẹ̀ láìsẹ́ni tó máa dá wọn dúró. Ní Olympics Beijing 2008, Yukiko Ueno ti Japan jù ú nígbà 413 láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n sì gba góòlù. Àgbàlagbà tó ti gbó nínú iṣẹ́ ni Ueno o, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ ọdún 12.

Ọ̀nà tó dáa jù ni kí pitcher kékeré ní ipò kejì. Lisa Fernandez, tí bàbá ẹ̀ wá láti Cuba, gba góòlù Olympics mẹ́ta, ní 1996, 2000 àti 2004, pitcher ni, àmọ́ ọjọ́ tí kò bá jù, béèsì kẹta ló máa ń wà, ó sì tún wà lára àwọn tó gbá igi jù nínú tíìmù ẹ̀. Jennie Finch náà gbá béèsì kìíní nígbà tó wà ní University of Arizona. Ipò kejì ń sinmi èjìká díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ ṣì wà nínú eré lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹlòmíì sí àárín.

Catcher náà ń fara dà á, orúnkún ni tiẹ̀, nítorí gbogbo bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù ni yóò lóṣòó gbà, yóò sì ju padà. Ó dáa kí ọmọ bíi mẹ́ta nínú tíìmù àwọn ọmọ ọdún 10 mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn. Catcher nìkan ló ń rí gbogbo pápá níwájú ẹ̀, ọmọ tó bá ti ṣe é fún sáà kan á ní òye tí wọn ò lè fẹnu kọ́ ọ.

Ti ọlọ́wọ́ òsì yàtọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù kì í sábà wà ní béèsì kejì, béèsì kẹta tàbí shortstop, torí ó ní láti kọ́kọ́ yí ara padà kó tó lè jù ú sí béèsì kìíní. Ipò pitcher, béèsì kìíní àti àwọn mẹ́ta ọ̀ọ́kán ló kù fún un, nítorí náà òun lè tètè mọ ibi tó ń lọ.

Níwájú yunifásítì

NCAA ò gbà kí kóòṣì yunifásítì bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa gbígbà á wọlé kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kẹta ẹ̀ níléèwé girama, ìyẹn bí ọmọ ọdún 16. Láti sáà 2025 sí 2026, iléèwé tó bá wọ inú ètò tuntun tó ń pín owó fún àwọn eléré ò gbọdọ̀ ní ju ẹni 25 lọ nínú tíìmù softball. Àyè kéré, kóòṣì tó ń wá shortstop á sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà lè bọ́ sí béèsì kejì tàbí ọ̀ọ́kán tí ẹnì kan bá farapa. Shortstop ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù sí níléèwé girama, tí irú wọn mẹ́rin bá wá pàdé ní yunifásítì kan, mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ síbòmíì.

Kódà níbẹ̀, ìpín ọmọ ṣì lè yí. NiJaree Canady, pitcher tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ eléré softball tó dáa jù ní yunifásítì lọ́dún 2024, ò fi bẹ́ẹ̀ gbá igi nígbà tó wà ní Stanford. Ó kọjá sí Texas Tech, wọ́n fún un láyè láti gbá igi níbẹ̀, ní 2025 ó ń jù ú, ó tún ń gbá a, tíìmù ẹ̀ sì dé ìparí ìdíje ńlá ní Oklahoma City kí Texas tó borí wọn.