Linux wo ló bá láptọ́ọ̀pù mi mu? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn èèyàn ń gbé wá bá mi: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi kò gba Windows 11, wọ́n ní kí n fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i, ṣùgbọ́n Linux wo nínú gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ yìí? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí.

Kí ló dé tí láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò fi gba Windows 11?

Microsoft ló fa ìlà sílẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, kí processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) sì wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè nìyẹn, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 lára ẹ̀rọ yín: i5-6300U, ìran kẹfà ni, i5-8350U, ìran kẹjọ ni. HP EliteBook 840 G3 tí ẹ máa ń rí ní Computer Village n'Íkẹjà, ìran kẹfà ni, kò kọjá. G5 tó bá ní ìran kẹjọ kọjá. G3 yẹn kò bàjẹ́ o! Kàkà kí n sọ ọ́ nù, tàbí kí n máa fi Windows tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́ wọ àpò báǹkì mi, màá fi Linux sí i.

Ṣé Linux kì í ṣe ẹyọ kan ni? Kí ló sọ ọ́ di orúkọ rẹpẹtẹ?

Linux gan-an ni ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tó ń bá irin kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Linus Torvalds ló gbé e jáde lọ́dún 1991, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ẹni tó bá wù ú lè mú un, kó fi tirẹ̀ kún un, kó sì pín in fún aráyé. Isu kan náà ni, ẹnì kan gún un níyán, ẹnì kan fi ro àsáró, ẹlòmíì dín in ní dùndú. Debian, ọ̀kan lára irú wọn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993. Láti ara Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ti yọ Ubuntu jáde lọ́dún 2004. Láti ara Ubuntu ni Linux Mint ti yọ lọ́dún 2006. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ́ lórí ọ̀kan kò ní ṣòfò lórí èkejì.

Ohun tó ń dàrú mọ́ èèyàn lójú ju orúkọ lọ ni ojú tí ètò náà ń gbé wọ̀. GNOME, KDE Plasma, Cinnamon, Xfce, LXQt: ojú ni gbogbo wọn, ọkàn kan náà ló wà lábẹ́ wọn. GNOME rẹwà, ó sì ń jẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí). Xfce kò ní ẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í bèèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé Linux wúwo, ojú tí kò bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu ló yàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rojọ́ púpọ̀. Ẹ dárúkọ ọ̀kan fún mi.

Linux Mint.

Bí RAM yín bá tó 8GB, ẹ mú ti Cinnamon. Bó bá jẹ́ 4GB, ẹ mú ti Xfce. Ẹni tó ti lo Windows rí kò ní ṣìnà níbẹ̀, nítorí àkójọ ètò wà nísàlẹ̀ lápá òsì níbi tí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n. Mint 22 dúró lórí Ubuntu 24.04, àtúnṣe á sì máa wọlé fún un títí di 2029. Ubuntu fúnra rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n fáìlì Mint sún mọ́ 3GB, ti Ubuntu 24.04 sún mọ́ 6GB. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra détà kò ní béèrè ìdí tí mo fi dárúkọ ìyẹn.

RAM tèmi 2GB ni, ẹ̀rọ náà sì ti gbó.

Lubuntu tàbí MX Linux alójú Xfce lè sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún yín: lórí 2GB, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kọ́ ni wàhálà yín, Chrome ni. Ẹ lè yan Linux tó fẹ́lẹ́ jù lọ láyé, tí ẹ bá ti ṣí Facebook, YouTube àti Gmail pa pọ̀, ẹ̀rọ á dákú. Linux kankan kò lè fi RAM tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó máa da ara yín láàmú lórí orúkọ, ẹ tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà wò, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ṣé ó ní àyè RAM kejì? Ṣé háàdì-dírááfù tó ń yí kiri, tó ń dún kẹ̀kẹ̀ ló wà nínú rẹ̀? Ẹ yọ ọ́, ẹ fi SSD (èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú) rọ́pò rẹ̀, kódà kó jẹ́ 120GB péré. Mo rò pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín Linux kan àti èkejì tó tó ìyàtọ̀ tí SSD ń mú wá. Ẹ̀rọ tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tàn á tàn kí ẹ tó jókòó dáadáa.

Bó bá wá jẹ́ ẹ̀rọ 32-bit (irú processor àtijọ́), Ubuntu àti Mint ti pa ìyẹn tì. Debian 13 náà kò ní fáìlì tí ẹ lè fi gbé e sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Debian 12 tàbí antiX 23 ṣì gbà wọ́n.

Tuntun ni tèmi, ó sì ní káàdì àwòrán NVIDIA.

Ẹ̀rọ tuntun pátápátá fẹ́ Linux tí ọkàn rẹ̀ tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Wi-Fi tàbí ohùn lè má ṣiṣẹ́. Fedora dára fún irú rẹ̀, torí pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gbé tuntun jáde. Ti NVIDIA nìkan ló nílò sùúrù. Ní Mint, ẹ ṣí Driver Manager, ẹ yan dríáfà (ètò tó ń jẹ́ kí irin kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) tí wọ́n bá dámọ̀ràn, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Pop!_OS ní fáìlì kan tí dríáfà NVIDIA ti wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀.

MacBook ńkọ́?

Àwọn ti Intel tó ti pẹ́ máa ń gba Mint. Àwọn tó ní T2 (ṣíìpù ààbò Apple), láti nǹkan bí 2018 sí 2020, máa ń yọni lẹ́nu. Mi ò ní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn rẹ̀. Àwọn tó ní ṣíìpù Apple fúnra rẹ̀, M1 àti M2, Fedora Asahi Remix ni tiwọn.

Mo fi sí i, Wi-Fi ò hàn rárá.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣíìpù Wi-Fi ti Broadcom, ó wà nínú ọ̀pọ̀ Dell, HP àti MacBook àtijọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi wá dríáfà rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì náà ni kò sí! Ẹ fi wáyà USB so fóònù Android yín mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà, Linux á mú détà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá lọ sí Driver Manager.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kali ni Linux gidi.

Àwọn tó ṣe Kali fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe fún ẹni tí kò tíì mọ Linux. Irinṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ààbò kọ̀ǹpútà wò ni. Àwòrán dírágónì rẹ̀ ló ń wu àwọn ọmọ wa, mo mọ̀. Ẹ lo Mint fún ọdún kan ná.

Ṣé CorelDRAW mi á ṣiṣẹ́?

Rárá. Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí tó kù. Lónìí, CorelDRAW, Photoshop àti FL Studio kò ní ti Linux. Ẹni tó ń tẹ ìwé ìpè ìyàwó ní Ṣómólú, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń fi fáìlì CorelDRAW ránṣẹ́, kò gbọdọ̀ pa Windows rẹ́. Inkscape, ètò ìyàwòrán tó ní ti Linux, lè ṣí díẹ̀ nínú fáìlì wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n lẹ́tà á yẹ̀ níhìn-ín, àwọ̀ á yí lọ́hùn-ún. Akọrin tó bá lè fi FL Studio sílẹ̀ lè gbìyànjú Reaper, tó ní ti Linux. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà kíkọ, ìṣirò, ímeèlì àti fíìmù ni iṣẹ́ rẹ̀, LibreOffice àti Firefox ti tó o.

Báwo ni mo ṣe máa dán an wò láìpa Windows mi rẹ́?

Ẹ wá fláàṣì 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì nínú rẹ̀, torí pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á parẹ́. Ẹ gba fáìlì Mint lórí ojúlé wọn, ẹ fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì náà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án padà, ẹ máa tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad, ẹ yan USB. Mint á ṣí láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan háàdì-dírááfù yín. Ẹ wo Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà. Ẹ pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kí ẹ tún ṣí i, kí ẹ mọ̀ bóyá ó jí. Bí ohun kan bá kọ̀, ẹ dán ẹ̀yà mìíràn wò kí ẹ tó fi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ.

Kí ẹ tó fi sí i pátápátá, ẹ kó fáìlì yín lọ síbòmíràn, kí ẹ sì wò ó bóyá BitLocker (ohun tó ń ti fáìlì pa lórí Windows) wà lórí Windows náà. Bó bá wà, ẹ pa á, tàbí kí ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé mo lè fi kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì?

Ẹ lè ṣe é. Nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà. Èmi tí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lára, Compose, bọ́tìnì tó ń da àmì pọ̀ di lẹ́tà kan, ni mo ń lò: nínú ètò kíbọ́ọ̀dù, mo sọ Alt apá ọ̀tún di Compose. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì ìyanu (!), mo tẹ e, ó di ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ àti ṣ. Bó bá ku ohùn òkè lórí ẹ nínú LibreOffice, ẹ kọ U+0301 tẹ̀ lé e, ẹ tẹ Alt àti X pa pọ̀, ó di ẹ́. U+0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀.