Bí wọ́n ṣe ń yí gíráàmù sí mólù, àti mólù sí iye hóró

Mólù ni wọ́n fi ń ka àwọn hóró tójú lásán ò lè rí nínú kẹ́mísìrì, bíi átọ̀mù, mólékù (ìyẹn àwọn átọ̀mù tó so pọ̀) àti íọ́ọ̀nù (ìyẹn átọ̀mù tàbí mólékù tó ní iná mànàmáná lára). Mólù kan jẹ́ hóró 6.02214076 × 10²³, òun ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà Avogadro, àmọ́ 6.02 × 10²³ ni wọ́n sábà máa ń lò níléèwé. Kò sẹ́ni tó lè jókòó ka iye yẹn, torí náà orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé nǹkan lé, wọ́n á wá fi bó ṣe wúwo tó mọ iye tó wà níbẹ̀. Kíréètì ẹyin kan, 30 ni, ì báà ṣe ti adìẹ, ì báà ṣe ti tòlótòló, àmọ́ ti tòlótòló á wúwo ju tadìẹ lọ, bí ti mólù náà ṣe rí nìyẹn.

Iye gíráàmù tí mólù kan nǹkan wúwo ni molar mass ẹ̀, inú periodic table, ìyẹn àtẹ tí wọ́n to gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì sí, ni wọ́n ti ń wò ó. Haidirójìn 1, ọ́síjìn 16, irin 56. Omi, H₂O, á wá jẹ́ 1 + 1 + 16, ìyẹn 18, torí náà omi gíráàmù 18, tó fi díẹ̀ ju ṣíbí ìjẹun kan lọ, ni mólù kan omi.

Téèyàn bá ní gíráàmù, á fi molar mass pín in, ó di mólù. Tó bá táìmù mólù yẹn pẹ̀lú 6.02 × 10²³, ó di iye hóró. Tó bá fẹ́ padà, òdìkejì ẹ̀ ló máa ṣe. Kò sọ́nà àbùjá láti gíráàmù bọ́ sí hóró, àfi kéèyàn gba ọ̀dọ̀ mólù kọjá.

Ká ní omi gíráàmù 9 ni. Fi 18 pín 9, ó di mólù 0.5, táìmù ẹ̀ pẹ̀lú 6.02 × 10²³, ó di mólékù 3.01 × 10²³. Ibi tọ́pọ̀ ti ń já lulẹ̀ rèé o: tí wọ́n bá ní átọ̀mù mélòó ni, ìdáhùn yẹn ò tíì pé, torí átọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú mólékù omi kọ̀ọ̀kan, á di 9.03 × 10²³. Gáàsì ọ́síjìn náà ń dani láàmú, O₂ ni, 32 ni molar mass ẹ̀, kì í ṣe 16.

Tó bá wá jẹ́ pé átọ̀mù irin 1.505 × 10²³ ni wọ́n fúnni, a fi 6.02 × 10²³ pín in, ó di mólù 0.25, táìmù 56, ó jẹ́ gíráàmù 14. Téèyàn bá tẹ × 10²³ sínú kálíkúlétọ̀ láìlo bọ́tìnì EXP tàbí bíràkẹ́ẹ̀tì, 2.5 × 10⁴⁵ ló máa gbé jáde dípò 0.25, irin tó tó bẹ́ẹ̀ ò sí láyé.

Amedeo Avogadro, ará Ítálì, ò mọ nọ́ńbà yìí rárá. Ohun tó sọ ní 1811 ni pé tí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, tí ooru àti prẹ́ṣọ̀ wọn sì dọ́gba, iye mólékù wọn dọ́gba. Jean Perrin, ará Faransé, ló fi orúkọ ẹ̀ pe nọ́ńbà náà ní 1909. Tẹ́lẹ̀, iye átọ̀mù tó wà nínú gíráàmù 12 káábọ́nù-12, ìyẹn irú káábọ́nù kan, ni wọ́n fi ń ṣàlàyé mólù, àmọ́ láti May 20, 2019, nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n fi dè é, molar mass káábọ́nù-12 ò wá jẹ́ 12 géérégé mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ ẹ̀ kéré débi pé kò kan ìṣirò iléèwé.