Kíkun ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì mọ́tò nílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Kíkun ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ni kí èèyàn fọ ọ̀rá, ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kúrò lára wọn, kó sì fi ọ̀dà tó ń gba ooru bò wọ́n. Láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù, ẹni tó ń jí mọ́tò àtijọ́ dìde, bíi Peugeot 504 tàbí Volkswagen ìjàpá, ló sábà máa ń dáwọ́ lé e, àti ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí kò fẹ́ gbé e wọlé pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀ ló dáa jù láti ṣe é. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin sábà máa ń wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, nítorí náà orí ẹsẹ̀ mẹ́ta onírin ni wọ́n ń fi ṣéènì gbé e kọ́. Ẹ̀ka igi máńgòrò tí àwọn kan ń lò kì í kìlọ̀ kó tó ṣẹ́.

Ọ̀dà kọ́ ni iṣẹ́ yìí gan-an, fífọ̀ ni. Ilẹ̀ pupa agbègbè yìí máa ń pò mọ́ ọ́ìlì tó ń jò, á wá gan mọ́ abẹ́ gíábọ́ọ̀sì bí èèpá. Wọ́n á kọ́kọ́ da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù àti àkísà dí gbogbo ihò, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ tó ti kú họ èyí tó nípọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì pa kẹrosíìnì sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ ló ń kó ẹ̀yìn kẹrosíìnì. Àwọn kan fẹ́ràn pẹtiróòlù nítorí pé ó yára, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: ilẹ̀ ló ń rìn, ó sì lè dé ìdí jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù tó wà níbòmíràn nínú ọgbà. Kẹrosíìnì tí wọ́n ti lò kò yẹ kó wọ gọ́tà, torí ọ̀pọ̀ ilé níbí ló ń mu omi kànga. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń rọ ọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó da oògùn líle sí i, kó mọ irú irin tó wà níwájú rẹ̀. Kọ́sítíìkì sódà máa ń jẹ alumíníọ̀mù títí ihò á fi lu sí i. Mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́ tó láti fi dán an wò: yóò lẹ̀ mọ́ irin, kò ní lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Nínú ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 onípẹtiróòlù, irin ni blọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ńlá ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù sì ni orí rẹ̀, nítorí náà ohun tó tọ́ sí ọ̀kan lè pa èkejì lára. Ti Volkswagen ìjàpá tún yàtọ̀. Mágníṣíọ̀mù ni blọ́ọ̀kù rẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá kúrò lára rẹ̀ lè gbiná bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, omi sì ń mú kí irú iná bẹ́ẹ̀ le sí i. Sáńpépà àti ọwọ́ lásán ló tọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, kò yẹ kí ọ̀dà nípọn lórí àwọn ìyẹ́ sílíńdà rẹ̀.

Omi ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti mọ́. Bí wọ́n bá da omi tútù lé e tó tẹ́ kálẹ̀, ọ̀rá ti lọ. Bó bá ń yí kiri bí omi orí ewé kókò, kí wọ́n padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi aṣọ funfun tó ní tínà nù ún. Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kì í dúró deni: láàárín wákàtí kan, nínú ọ̀rinrin ìgbà òjò, ó lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ náà ni kí wọ́n gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ wọ alumíníọ̀mù wà lọ́tọ̀, torí ti irin lásán máa ń ṣí kúrò lára rẹ̀.

Pépà tépù ni wọ́n fi ń bo ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ dé: ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ibi tí gíábọ́ọ̀sì ti ń pàdé ẹ́ńjìnnì, sẹ́ńsọ̀, ojú ibi tí wáyà ẹ́ọ̀tì ń gbà, àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, tó gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ máa ń wà níbi tó wà títí iṣẹ́ á fi parí. Ihò kékeré kan wà lókè ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì tí ó fi ń mí. Bí ọ̀dà bá dí i, ooru á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, jáde, wọ́n á sì máa bú síìlì tí kò ṣẹ̀.

Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kun géètì kò wúlò níbí. Yóò pọ́n, yóò sì bó. Ọ̀dà ẹ́ńjìnnì sábà máa ń gba ooru tó tó 260°C, èyí tó pọ̀ tó fún blọ́ọ̀kù àti gíábọ́ọ̀sì. Máńfólù tí èéfín ń gbà kọjá fẹ́ irú tó ń gbà tó 600°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà agolo ni a ń fọ́n láti nǹkan bí 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹni tí kò ní ọ̀dà agolo tàbí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún.

Ojú ọjọ́ ló kù. Bí òjò bá ti ń ṣú, ọ̀rinrin á mú ojú ọ̀dà funfun bí ẹni da ẹfun sí i. Ọyẹ́ gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń bà lé ọ̀dà tútù. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti wọ́n omi sí ilẹ̀ rẹ̀, ni mo rò pé ó dáa jù.

Ní ti àwọ̀, Ford ní Amẹ́ríkà lo búlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún, Chevrolet sì lo àwọ̀ ọsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, fàdákà àti dúdú ló pọ̀ jù. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ń tètè fi ibi tí ọ́ìlì ti ń jò hàn, dúdú sì ń bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn kó tẹ̀ba wo abẹ́ ọpọ́n ọ́ìlì àti ìdí àwọn bóòtù rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti gba orí ìdọ̀tí kọjá níbẹ̀, wọn ò fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kùn ún.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì náà, yóò rú èéfín díẹ̀, yóò sì máa rùn. Ọ̀dà ló ń jinná. Wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á pa á kó tutù, wọ́n á tún tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.