Níbo ni ewé kan ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fífi ewé dá igi mọ̀

Ìbéèrè: Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ewé dá igi mọ̀. Mo já ewé dóńgóyárò kan, mo wò ó síwá sẹ́yìn, kò sì bá àpèjúwe tí mo kà mu rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ohun tí ẹ já kì í ṣe odidi ewé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí ojú wa ń pè ní ewé lára dóńgóyárò, ọmọ ewé ni. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ọmọ ewé tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, òun lodidi ewé kan ṣoṣo.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹ wá ọ̀mùnú. Ní kọ̀rọ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, kókó kékeré kan wà níbẹ̀, nígbà mìíràn kì í ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun tàbí òdòdó ti ń yọ. Kì í sí irú kókó bẹ́ẹ̀ ní ìdí ọmọ ewé. Torí náà, ẹ fi ìka kan ìdí ọmọ ewé yẹn. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ máa tọ ọ̀pá náà lọ títí ẹ ó fi kan kókó. Ibẹ̀ ni ewé ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, ọ̀pọ̀ nǹkan á yanjú. Abala kan ṣoṣo ni ewé máńgòrò ní. Ti àràbà, ọmọ ewé mélòó kan ló pàdé lórí ẹsẹ̀ kan, bí ìka ṣe wà lára àtẹ́lẹwọ́. Ti mọ̀ríńgà, ọ̀pá náà yà, èyí tó yà tún yà, síbẹ̀ ewé kan ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló máa ń tan èèyàn jẹ: ó jọ ti àràbà, àmọ́ tí ẹ bá wo ìdí àwọn ìka yẹn dáadáa, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ewé kan tí etí rẹ̀ gé wọnú jinlẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ṣé ó wá kan bí ewé ṣe rí, bóyá ó gùn tàbí ó rí roboto?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kánjú síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn ewé ṣe tò sórí ẹ̀ka. Lára gúáfà, kọfí àti tíìkì, ewé méjì ló ń dojú kọ ara wọn ní oríkèé kan náà. Lára máńgòrò àti ọsàn, ọ̀kan á yọ síhìn-ín, ìkejì á gòkè díẹ̀ kó tó yọ. Àárín ẹ̀ka ni kí ẹ ti wò ó, torí ewé máńgòrò máa ń ṣù jọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ewé igi kan náà kì í fi í bára mu?

Ìdáhùn: Èyí tó wà lábẹ́ òjìji sábà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ ju èyí tí oòrùn ń pa lọ. Ọjọ́ orí náà ń kó ipa: ọ̀pọ̀ igi Eucalyptus máa ń ní ewé tó dojú kọra nígbà èwe, tí wọ́n bá dàgbà tán, ewé wọn á máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi ewé kan ṣoṣo dájọ́.

Ìbéèrè: Igi kan wà tí mo pè ní dóńgóyárò, ẹnì kan ní kì í ṣe òun. Báwo ni mo ṣe máa mọ òótọ́?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ Melia azedarach, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ẹ padà sídìí ewé. Ọ̀pá dóńgóyárò kì í yà, ọmọ ewé ló tò sí i lára tààrà. Ti Melia máa ń yà sí ọ̀pá kéékèèké kí ọmọ ewé tó yọ. Ẹ tún wo ìdí ọmọ ewé dóńgóyárò: ó wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀ ju èkejì. Ó yẹ kéèyàn mọ ìyàtọ̀ yìí, torí májèlé ni èso Melia fún ènìyàn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo ọwọ́ àti imú?

Ìdáhùn: Ẹ lò wọ́n dáadáa! Ẹ gbé ewé ọsàn sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó rí àwọn àmì tíntìntín tó ń tàn: òróró ló wà níbẹ̀, òun ló ń ta sánsán nígbà tí ẹ bá fún un. Ẹ fi ọwọ́ ra ọ̀dọ́ ewé tíìkì, ìka yín á pọ́n. Àmọ́ ẹ má tọ́ ewé tí ẹ ò mọ̀ wò. Májèlé ni gbogbo ara Nerium oleander, bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ìbéèrè: Áàpù fóònù mi pe orúkọ mẹ́ta fún igi kan. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ tún fọ́tò yà. Ẹ ya ẹ̀ka tí ewé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára rẹ̀, kí ọ̀mùnú hàn, kí ẹ sì ya ẹ̀yìn ewé náà. Tí kò bá ṣì yanjú, ẹ dúró de òdòdó. Nígbà tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, to àwọn ewéko sí ìsọ̀rí nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1753, àwọn ẹ̀yà akọ àti abo inú òdòdó ló kà, kì í ṣe ewé.