Kí ẹ tó bi mí ní kìlómítà, ẹ sọ ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn fún mi

Gbogbo Sátidé tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bọ̀ọ̀dá, báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó?" Wọ́n á ti ra kẹ̀kẹ́ gravel tòkunbọ̀, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ kọ bíi ìwo àgbò tí táyà ẹ̀ sì fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ eré ìje lọ, wọ́n wá fẹ́ mọ kìlómítà ọ̀nà oko tí wọ́n fẹ́ gùn ún lọ. Èmi kì í fi kìlómítà dá wọn lóhùn. Ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn lèmi náà máa ń bi wọ́n. Torí níbi tá a wà yìí, ogún kìlómítà ilẹ̀ pupa nínú oṣù kejìlá, fàájì ni, ogún kìlómítà yẹn náà nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ lè ru kẹ̀kẹ́ délé.

Mo ti jẹ ìyà ẹ̀ rí o. Oṣù kẹsàn-án ọdún kan ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi gba Ológunẹrú, a kọjá Ìdó, a yà sí ọ̀nà oko kan tá a ti gbádùn gan-an nínú oṣù kìíní, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ yẹn àmọ́ oòrùn ti yọ, a ní kò séwu. A ò tíì lọ tó kìlómítà méjì tí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ táyà, koríko ń lẹ̀ mọ́ amọ̀, títí gbogbo ẹ̀ fi há sáàárín táyà àti fọ́ọ̀kì, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi. Mo fi igi ha á kúrò, mo gùn ún díẹ̀, ó tún há. Mo wá fi ìbínú tẹ pẹ́dà, kẹẹ́! Apá jíà tó wà lẹ́yìn ti wọ inú sípóòkù, ó kán. Ìyá kan tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ látoko wò wá títí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ̀yin lẹ gun kẹ̀kẹ́ ni àbí kẹ̀kẹ́ ló gùn yín?" Orí èjìká wa ni kẹ̀kẹ́ wà nígbà yẹn, kí la fẹ́ sọ?

Amọ̀ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa. Tó bá ti mu omi, ó ti di àtẹ̀ nìyẹn. Tó bá wá gbẹ tán, á le bíi símẹ́ǹtì, òkúta wẹ́wẹ́ á wà lórí ẹ̀ tó ń yí bíi ẹ̀wà tí wọ́n dà sórí tábìlì, tí mọ́tò bá sì ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ojú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn-ín-wọn-ín bíi páànù orí ilé. Kò sí oṣù kan tí ilẹ̀ ò ní ìṣòro tiẹ̀, àmọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn ṣeé bá yí, ti òjò ò ṣeé bá ṣe àríyànjiyàn. Ìrírí tèmi ni pé lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ fún ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta tí oòrùn ràn dáadáa. Orí òkè á ti gbẹ kí ọjọ́ mẹ́ta yẹn tó pé, inú àkùrọ̀ ni kì í tètè gbẹ.

Ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn, wọ́n rò pé ọ̀nà tó sún mọ́lé jù lọ́ máa rọrùn jù.

Ẹ wo Ẹlẹ́yẹlé. Àwa ará Ìbàdàn kúkú mọ odò yẹn, odò Ọ̀nà ni wọ́n sé níbẹ̀ lọ́dún 1942 kí ìlú lè rí omi mu. Láti Sángo, kẹ́ ẹ tó ka ogún ìṣẹ́jú ẹ ti débẹ̀. Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn odò, àti àwọn tó gba Apẹ̀tẹ̀ àti Awọ̀tàn lọ sápá Akùfọ̀, wọ́n dùn gùn ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, igi sì ń ṣíji bò yín. Àmọ́ àkùrọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá rántí 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọjọ́ tí omi ya wọ Ìbàdàn, ó mọ ohun tí omi ibẹ̀ lè ṣe. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, èmi kì í mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀, kì báà jẹ́ pé ojú ọjọ́ mọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀.

Aṣéjìre ńkọ́? Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé tibẹ̀, ó tó ọgbọ̀n kìlómítà sápá ìlà oòrùn, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ni ìṣòro Aṣéjìre, títì ló ni ìṣòro. Tírélà àti dáńfó lójú ọ̀nà yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di kẹ̀kẹ́ yín mọ́ ọkọ̀ dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Àwọn ọ̀nà oko tó yà kúrò ní títì ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta kẹ́ ẹ tó wọlé, wọ́n mọ afárá tó ti já àti èyí tó kù díẹ̀ kó já, fóònù yín ò mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ jẹ ẹja níbẹ̀, torí ẹja gan-an ni mo ṣe ń lọ.

Èyí tó jìnnà jù wá ni Adó-Àwáyè, òun gan-an sì ni mo máa ń sọ fún àwọn tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Láti Mọníyà dé Ìsẹ́yìn tó kìlómítà márùndínláàádọ́rin, wọ́n ti tún títì yẹn ṣe, torí ẹ̀ làwọn awakọ̀ ṣe ń sáré lórí ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti Ìsẹ́yìn, ó tún kù bí ogún. Àpáta ni ìlú yẹn, iyanrìn sì pọ̀ nínú ilẹ̀ ẹ̀ ju tiwa lọ, iyanrìn kì í di omi mú bí amọ̀ ṣe ń dì í mú, ibi tí òjò rọ̀ sí lánàá lè ti ṣeé gùn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ díẹ̀. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà ogójì ni kẹ́ ẹ lò, tẹ́ ò bá sì lówó gravel, kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́ tí táyà ẹ̀ ò ní eyín gàgàrà á ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni wàhálà. Fọ́kànáísà á fún un yín títí táyà á fi máa dún gbàngbàn bíi ìlù, ó rò pé oore lòun ń ṣe. Ẹni tó bá wọ̀n tó kílò 75 tó ń lo tíúbù, 40 psi lẹ́yìn, 36 níwájú, ó ti tó, táyà á lè rọ̀ díẹ̀ lórí òkúta. Tí fáàfù yín bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ìyẹn, ẹnu pọ́ǹpù fọ́kànáísà ò ní wọ̀ ọ́n àfi tẹ́ ẹ bá ní idẹ kékeré tí wọ́n ń dé lé e, ẹ máa fi sápò.

Ẹ yẹ búrèkì yín wò kẹ́ ẹ tó sọ̀ lókè. Kẹ̀kẹ́ tó ti Ìlú Ọba wá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú, èyí tó ti Amẹ́ríkà tàbí Jámánì wá, ọwọ́ òsì ni. Mo ti rí ẹni tó tẹ ti iwájú pátápátá lórí òkúta wẹ́wẹ́ torí ó rò pé ti ẹ̀yìn ni, eyín ẹ̀ méjì ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó ká bíi páànù, ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí, ẹ wá ipa ọ̀kadà létí ọ̀nà, àwọn ti tẹ ibẹ̀ dán fún yín. Ti ṣéènì, ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí gbogbo èèyàn ń dà sí i yẹn, ẹ fi sílẹ̀ jàre! Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa lọ irin bíi ata. Ọ́ìlì maṣíìnì ìránṣọ ni kẹ́ ẹ kán sí i díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àkísà nù ún.

Ẹni tó bá fẹ́ gbára dì, Láyípo, ilé ìṣọ́ Bower yẹn, wà ní Òkè Àárẹ. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ gun òkè yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀, ẹ ó mọ ibi tí jíà yín kù sí.

Ní Adó-Àwáyè, ẹ ò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ sókè o. Àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀, ó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè. Lókè ni adágún Ìyáké wà, omi tó jókòó sórí àpáta. Wọ́n máa ń sọ pé méjì irú ẹ̀ péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado, èmi ò bá wọn kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé aago méjì ọ̀sán lẹ gbọ́dọ̀ ti máa sọ̀kalẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò Ìṣàgé, òkúta tó dá dúró lórí òkúta yẹn, ilẹ̀ á ṣú bá yín kẹ́ ẹ tó dé Ìsẹ́yìn, iná iwájú kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ yín ń rà lọ́wọ́ mi kì í ju wákàtí méjì lọ.