Bí àjọ kan ṣe dàgbà lórí wíwá ìwòsàn hẹpatáítìsì B

Ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀dọ̀. Aláìsàn á tẹ́ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sórí tábìlì, á fi ìka tọ́ ìlà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítìsì B nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, á sì bi mí pé: “Dókítà, ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?” Ìlà mìíràn ni èmi máa ń kọ́kọ́ wá, èyí tí wọ́n kọ HBsAg sí, ìyẹn èròjà tó bo ara fáírọ́ọ̀sì náà. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé oògùn ti de fáírọ́ọ̀sì náà mọ́lẹ̀ ni, kò tíì lé e jáde. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni àjọ Hepatitis B Foundation ti ń bá ìyàtọ̀ tó wà láàárín dídè mọ́lẹ̀ àti lílé jáde yìí fà á, ẹni tó bá sì mọ bí àjọ náà ṣe dàgbà yóò lóye àìsàn náà dáadáa.

Ọdún 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní agbègbè Bucks, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Tọkọtaya méjì, Paul àti Janine Witte pẹ̀lú Timothy àti Joan Block, ló fẹ́ ran ìdílé kan tí àìsàn yìí bá lọ́wọ́. Onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì ni Timothy, nọ́ọ̀sì sì ni Joan. Ó dá mi lójú pé ìdí nìyí tí àjọ náà fi ní ojú méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀kan ń wo inú ilé ìwádìí, tí èkejì sì ń wo ẹni tó ń ṣàìsàn.

Kò rọrùn láti pe ènìyàn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí pé àjẹsára ti wà. Èyí tí wọ́n ń fa jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1981, èyí tí kò nílò ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e ní 1986, tó fi jẹ́ pé ó rọrùn fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn láti rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n àjẹsára kò lè ṣe ohunkóhun fún ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà ti jókòó sí lára. Nínú ọmọ tuntun 10 tó kó o lára ìyá nígbà ìbí, nǹkan bí 9 ni yóò máa bá a gbé títí ayé bí wọn kò bá tètè fún un ní àjẹsára. Àwọn àgbàlagbà tó bá kó o ni ara ọ̀pọ̀ jù lọ wọn máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní i kì í fi sábà mọ ìgbà tó kó o, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìwà rẹ̀ wá ẹ̀bi fún un.

Ẹni tó ṣí ọ̀nà sí àjẹsára náà ni Baruch Blumberg, dókítà olùwádìí ará Amẹ́ríkà. Ní 1963, ohun tí ó ń wá kì í ṣe àìsàn ẹ̀dọ̀ rárá. Ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo ní ayé ni ó ń wò. Wọ́n á tẹ́ ohun kan tó ń dì rọ̀rọ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á lu ihò kéékèèké sí i, wọ́n á sì kán omi ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi ènìyàn sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìlà funfun tín-ín-rín kan yọ láàárín ihò méjì: ọ̀kan gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá, tí wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, èkejì gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan. Ohun tó fa ìlà yẹn ni HBsAg tí mo ń wá lórí ìwé àwọn aláìsàn mi lónìí. Blumberg gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976.

Kí ló wá dé tí a kò fi tíì rí ìwòsàn? Fáírọ́ọ̀sì náà máa ń wọ inú gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ibi tí DNA tiwa fúnra wa wà, á sì ká DNA tirẹ̀ bí òrùka síbẹ̀. Òrùka yìí ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní cccDNA, òun sì ni àwòṣe tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rọ fáírọ́ọ̀sì tuntun. Oògùn tí a ní, irú bí tenofovir àti entecavir, ń dí ọ̀nà iṣẹ́ rírọ náà pa. Ó ń gba ẹ̀dọ̀ là gan-an, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan òrùka. Bí aláìsàn bá dá a dúró, iṣẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé kí ló dé tí a fi ń wo hẹpatáítìsì C sàn láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Fáírọ́ọ̀sì ìyẹn kì í wọ gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, kò sì ní òrùka tó lè fi pamọ́ síbẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ le dé yìí, owó tí àjọ kan ń kó jọ láti pín fún àwọn olùwádìí kiri kò lè tó, mo sì gbà pé ohun tó dára jù tí àwọn Block àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ni pé wọ́n dá ilé ìwádìí tiwọn sílẹ̀ ní 2003. Ní 2006, wọ́n ṣí ibùdó Pennsylvania Biotechnology Center ní ìlú Doylestown, kí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń wá oògùn lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn olùwádìí. Ilé ìwádìí náà gba orúkọ Blumberg ní 2013, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àjọ tí kì í ṣe ti èrè kò lè gbé oògùn dé ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, nítorí owó tí àyẹ̀wò lára ènìyàn ń ná pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó gbé ìmọ̀ náà dé ibi tí oníṣòwò á ti rí i gbé. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ oògùn OnCore Biopharma bẹ̀rẹ̀ ní Doylestown. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ Pharmasset wá, níbi tí wọ́n ti ṣe oògùn sofosbuvir tó yí ìtọ́jú hẹpatáítìsì C padà. Ní 2015, ó dàpọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Tekmira ti Kánádà, orúkọ wọn sì di Arbutus.

Ẹ̀gbẹ́ kejì iṣẹ́ náà dàgbà pẹ̀lú. Àjọ náà wà lára àwọn tó pariwo ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń tì sẹ́yìn nítorí fáírọ́ọ̀sì yìí, kí Ẹ̀ka Ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó fi múlẹ̀ ní 2013 pé òfin tó ń dáàbò bo àwọn abirùn dáàbò bo àwọn náà. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé mílíọ̀nù 254 ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú hẹpatáítìsì B ní 2022, ṣùgbọ́n nǹkan bí 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní i.

Ohun tí mo máa ń fi han àwọn aláìsàn mi jù lọ nínú iṣẹ́ àjọ náà ni àtẹ tí wọ́n ń to àwọn oògùn tí ìwádìí ṣì ń lọ lórí wọn sí, pẹ̀lú ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Ìpele kìíní ń wò ó bóyá oògùn náà kò ní pa ènìyàn lára, ìkejì ń wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n tó yẹ, ìkẹta ń fi í wé ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, oògùn púpọ̀ kì í sì í la gbogbo rẹ̀ já. Ohun tí wọ́n ń lépa báyìí ni kí HBsAg pòórá, kí DNA fáírọ́ọ̀sì má sì hàn mọ́, fún oṣù 6 ó kéré tán lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáwọ́ nínú oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tà yín ní ìwòsàn, ẹ ní kó fi àyẹ̀wò HBsAg ẹni tó wò sàn hàn yín, èyí tó ṣe ṣáájú àti èyí tó ṣe lẹ́yìn oṣù 6 náà.

Ẹni tó tẹ́ ìwé síwájú mi lórí tábìlì ńkọ́? Mo sọ fún un pé HBsAg rẹ̀ ṣì wà, pé kó má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì tó bá tú lójijì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpò, ó sì béèrè ọjọ́ tí yóò padà wá ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀.