Ìka orí kámẹ́rà kò lè wọn ìfúnpá

Ẹ ó ti rí irú fídíò yẹn lórí WhatsApp: ẹnì kan fi ìka bo kámẹ́rà fóònù, iná tàn, kò pẹ́ tí 120/80 fi yọ lójú fóònù, wọ́n á ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún nìyẹn. Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá gbówó lórí, fóònù sì wà lápò gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Kámẹ́rà yẹn ń rí nǹkan kan lóòótọ́. Bí ọkàn bá ṣe ń lù, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ inú ìka, á tún dín kù níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sí kámẹ́rà á sì máa yí padà bákan náà. Fóònù lè tipa bẹ́ẹ̀ ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ìfúnpá yàtọ̀ sí ìyẹn. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ni, ọkàn ẹnì kan sì lè máa lù ní 70 geere kí ìfúnpá rẹ̀ wà ní 180/110, èyí tó ga gan-an. Ẹni tó ń ka iye ìgbà tí táyà yí kò tíì mọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó. Géèjì ni fókanáísà fi ń mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń fún apá pinpin títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá, kó tó wá máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ni nọ́ńbà òkè, ibi tí ohunkóhun kò ti dí i lọ́nà mọ́ ni ti ìsàlẹ̀. Iná fóònù kò fún apá ẹnikẹ́ni.

Níbo wá ni 120/80 ti yọ? Àwọn áàpù kan á béèrè ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara yín, wọ́n á sì méfò. Àwọn mìíràn kàn ń ṣeré ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Láti 2014 sí 2015 ni wọ́n ta áàpù kan tó ń jẹ́ Instant Blood Pressure. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins dán an wò lára èèyàn 85, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: nínú àwọn tí ìfúnpá wọn ga ní tòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú márùn-ún tí áàpù náà sọ fún pé kò sí nǹkan. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, nọ́ńbà nìkan ló ń tú u fó. Bí nọ́ńbà bá ti parọ́, onítọ̀hún á pa oògùn tì, ó di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé.

Ẹ má fi aago ọwọ́ jà mí níyàn. Èyí tí Samsung ṣe lè sọ ìfúnpá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní kí ẹ fi ẹ̀rọ ìdipá tọ́ nọ́ńbà rẹ̀ sọ́nà ní gbogbo ọjọ́ 28.

Fóònù wúlò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ẹ̀rọ ìdipá wọn ìfúnpá tán. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ẹ̀rọ náà bá àyà yín dọ́gba. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó bá gbé jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín pẹ̀lú àkókò tí ẹ wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ṣe èyí láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, dókítà á rí ohun tó lè fi pinnu oògùn.